Ẹ̀kọ́ Kẹfà: Ajá Ilé àti Jìgà

Jìgà jẹ́ kòkòrò kékeré tí ń wọ inú awọ ẹsẹ̀. Kò gùn ju mìlímítà 1 lọ. Iyanrìn gbígbẹ àti ilẹ̀ eléruku ni ibùgbé rẹ̀. Bí ó ṣe ń jẹ ènìyàn ló ń jẹ ẹranko.

Ibi tí ó ti wá

Gúúsù Amẹ́ríkà ni jìgà ti wá sí Áfíríkà. Ní ọdún 1872, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Thomas Mitchell ti Brazil dé Àǹgólà. Iyanrìn tí wọ́n kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà, kí ó má baà dojú dé, ni jìgà bá wọlé. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ó ti dé etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà.

Ohun tí ó ń ṣe lára

Abo jìgà ló ń wọ awọ tí ó sì ń jókòó síbẹ̀. Ó fẹ́ràn abẹ́ èékánná, àárín ìka ẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀. Bí ó bá ti wọlé, ìdí rẹ̀ nìkan ló kù síta. Yóò máa mu ẹ̀jẹ̀, yóò sì wú bíi horo ẹ̀wà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹyin rẹ̀ yóò máa já bọ́ sílẹ̀, wọn yóò pa nínú iyanrìn, wọn yóò sì di jìgà tuntun ní nǹkan bí oṣù kan.

Ojú ibẹ̀ a máa yúnni, a sì máa dunni. Ó lè di egbò, èékánná lè ṣí, ìrìn lè di ìṣòro. Àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì lè gba ojú egbò náà wọ ara.

Ipa tí ajá ń kó

Jìgà ń wọ àtẹ́lẹsẹ̀ ajá gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń wọ tiwa. Ajá kò wọ bàtà, kò sì lọ́wọ́ tí yóò fi yọ ọ́. Ibi tí ó bá dùbúlẹ̀ sí ni ẹyin ń já sí: ẹnu ọ̀nà, ẹ̀bá ààrò, abẹ́ igi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Bí ó bá sì wọ ilé aládùúgbò, ó ń gbin jìgà síbẹ̀ náà nìyẹn.

Ní àdúgbò àwọn tálákà kan ní ìlú Fortaleza, ní Brazil, àwọn olùṣèwádìí rí i pé ajá tó ní jìgà ju ìdajì lọ. Ní abúlé Erekiti, nítòsí Àgbádárìgì, ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, bí 45 ló ní in. Níbẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ló ṣáájú nínú ẹran tí jìgà wọ̀ lára, ṣùgbọ́n ajá àti eku náà ní in.

Nítorí náà, ẹni tó ń yọ jìgà lẹ́sẹ̀ ọmọ, tí kò bojú wo ẹsẹ̀ ajá, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní tán. Kò sí ìdí láti pa ajá. Ìtọ́jú ló ń fẹ́.

Ohun tí ó yẹ ká ṣe

1. Ẹ máa yẹ ẹsẹ̀ ajá wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó wú, tó ní àmì dúdú láàárín, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.
2. Ẹ má jẹ́ kí ajá máa rìn kiri, tàbí kí ó sùn sí ibi ìṣeré ọmọdé.
3. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilẹ̀ yàrá. Bí owó kò bá tíì sí, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbá a.
4. Ẹ wọ bàtà tó bo ìka. Ẹ máa yẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wò lálaalẹ́.
5. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ kan náà yọ jìgà fún ènìyàn méjì, nítorí àrùn éèdì. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Òróró kan wà tí ń jẹ́ dimeticone, tí kì í jẹ́ kí jìgà rí èémí mí.

Ìbéèrè

1. Apá ibo lára ẹsẹ̀ ni jìgà fẹ́ràn?
2. Báwo ni ẹyin jìgà ṣe ń ti ara ajá dé ibi ìṣeré ọmọdé?
3. Kí ló dé tí a kò fi gbọ́dọ̀ pín abẹ́rẹ́ lò?
4. Ẹ yẹ ẹsẹ̀ ajá kan wò ní ilé yín kí a tó tún pàdé, kí ẹ sì wá sọ ohun tí ẹ rí fún kíláàsì.