Ajá gbó, máńgòrò gbó

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá yà sọ́tọ̀ fún ohùn ajá ni gbó. Ewúrẹ́ a máa ké, àkùkọ a máa kọ, ẹṣin a máa yán, ṣùgbọ́n gbígbó ni ti ajá. Ẹni tó bá sọ pé ajá òun ń ké ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn: ẹni tó gbọ́ ọ yóò rò pé wọ́n na ajá náà ni, tàbí pé ọ̀kadà gbá a. "Ajá gbó àlejò" tọ̀nà, "ajá gbó mọ́ àlejò" náà kò burú. "Ajá gbó sí àlejò" ni kò bójú mu. Bí ajá bá ń bínú sínú, ó ń kùn nìyẹn. Bí ó bá na ohùn gígùn lóru, ó ń hu. Bí inú rẹ̀ bá sì dùn, kò ní fi ẹnu sọ ọ́ rárá, ìrù ni yóò máa jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ajá kà sí èrè wọn nìyí: kí ènìyàn ti iṣẹ́ dé, kí ó má tíì kan ilẹ̀kùn, kí ajá ti máa jùrù káàkiri àgbàlá.

Ẹni bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ń pè ní olówó ajá. Olówó inú àpólà yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú ọrọ̀. Ẹni tó ni nǹkan ló ń tọ́ka sí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú olówó ẹrú àti olówó orí. Olówó ajá lè máà ní kọ́bọ̀ lápò.

Iṣẹ́ olówó ajá ni kí ó sìn ín, ibẹ̀ sì ni àṣìkọ ti pọ̀ jù. Ohùn ìsàlẹ̀ ni sìn ní nígbà tí ó bá dá dúró. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn náà a gòkè sí àárín: ó ń sin ajá, ó ń sin adìẹ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ló tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ a padà: ó ń sìn ín. Gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ ni òfin yìí mú, Ayọ̀ Bámgbóṣé sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti 1966. Nítorí náà, "ó rà á" ni, ṣùgbọ́n "ó ra ajá". Ìrù jíjù ni, ṣùgbọ́n "ó ń ju ìrù". Àwọn tó ń kọ "ó sìn ajá" rò pé àmì tó pọ̀ ni àmì tó péye.

Òfin náà ní ewu kékeré kan. Sin tó túmọ̀ sí kí a gbé òkú sí ilẹ̀ jẹ́ ohùn àárín láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan bá kọ ọ́ pé "Àlàdé sin ajá rẹ̀", òǹkàwé kò lè mọ̀ bóyá ajá ń bẹ láàyè tàbí ó ti kú. Arọ́pò-orúkọ ló ń tú àṣírí: "ó sìn ín" ni ti alààyè, "ó sin ín" ni ti òkú. Sìn kan náà ni a tún ń lò fún kí a bá ènìyàn dé ọ̀nà. Nítorí náà, ajá tí wọ́n ń sìn nílé lè sin olówó rẹ̀ dé ojú ọ̀nà, kí gbólóhùn méjèèjì sì tọ̀nà.

Ohùn kì í ṣiṣẹ́ lára ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan: ní Ọ̀fà, ìpínlẹ̀ Kwara, ohùn kan péré ló ya orúkọ ìlú sọ́tọ̀ kúrò lára ohun ìjà. Ìtàn ìlú náà sọ pé Ọlálọmí Ọlọ́fàgangan, ọmọ ọba láti Ọ̀yọ́ tó jẹ́ tafàtafà, ló tẹ̀ ẹ́ dó, ọfà ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣàlàyé orúkọ ìlú. Ohùn àárín ló ṣáájú nínú ọfà tí a ń ta. Nínú orúkọ ìlú, ohùn ìsàlẹ̀ ni méjèèjì. "F" méjì tó wà nínú Offa kò sí nínú àkọtọ́ òde òní, ṣùgbọ́n àwọn pátákó ìjọba kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Bí a bá padà sórí ọ̀rọ̀ ajá, ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ ni òwe ajá tí ẹnu kò sinmi lórí rẹ̀ ti wá: ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Kì í ló yẹ níbẹ̀, torí ìṣe tó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo ni òwe ń sọ. "Kò ní gbọ́" sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ajá kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òwe mìíràn sọ pé bí ajá bá ń sínwín, a mọ ojú iná. Wèrè lásán ni sínwín. Dìgbòlugi yàtọ̀: àrùn ni, òun ni Louis Pasteur bẹ̀rẹ̀ sí í gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní 1885, kò sì yẹ kí a fi ṣe àwàdà pe ajá tó kàn ń sáré kiri. Ojú ibi tí ajá dìgbòlugi bá ti bu ènìyàn jẹ, ọṣẹ àti omi ló kọ́kọ́ kàn fún ìṣẹ́jú 15, kí ilé ìwòsàn tó kàn.

Gbó kan náà tí a fi ń sọ ti ajá, pẹ̀lú ohùn òkè rẹ̀, ni a ń lò fún èso. Máńgòrò tó gbó ti dàgbà tó, ṣùgbọ́n ó lè máà tíì pọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá ti sọ méjèèjì di ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọlọ́jà kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbó tí kò pọ́n ni ó ń tà ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, bí àwọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ dúdú. Iṣu àti ọ̀dùnkún, tí a mọ Ọ̀fà mọ́ dáadáa, máa ń gbó, wọn kì í pọ́n. Aṣọ tó gbó ti di àkísà. Ènìyàn tó gbó tó tọ́ ni àdúrà ń tọrọ.

Èso tó pọ́n, tí kò sì tíì rọ̀ jù, ló yẹ táàtì, ìyẹn páì tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Fúláwà gíráàmù 250 àti bọ́tà gíráàmù 125 tó. A ó fi ìka rún bọ́tà mọ́ fúláwà títí yóò fi dà bí garí, a ó fi iyọ̀ díẹ̀ àti omi tútù ṣíbí mẹ́ta po ìyẹ̀fun náà, a ó fi ìgò yí i kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, a ó sì tẹ́ ẹ sínú àwo tó le. Ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tàbí máńgòrò tí a gé wẹ́wẹ́ ni yóò wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀. Ọ̀dùnkún bíbọ̀ tí a gún kúnná náà yóò ṣe é. "Po ìyẹ̀fun" ni, "pò ó" ni. Òfin sin ajá ló tún dé ilé ìdáná. Yíyan ni a ń yan táàtì, nínú ààrò tó gbóná tó 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. A kì í sun ún, nítorí iná ojúkojú ni sísun, bí ti àgbàdo àti iṣu. A kì í sì í dín in, nítorí òróró ni dídín ń fẹ́. Àkàrà òyìnbó ya orúkọ ohun díndín lò, bí a kò tilẹ̀ dín in.

Àjàrà gbígbẹ, tí àwọn kan máa ń fọ́n sórí táàtì, kò gbọdọ̀ dé ẹnu ajá, torí ó lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Bí ajá bá jí i jẹ, ó lè bì í. "Ó bi táàtì náà" ni a ó kọ. "Ó bi í" ní tirẹ̀ jẹ́ ìbéèrè, "ó bí i" sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ajá.