Fáìlì Sọnù Nínú Fúláàṣì? Ẹ Má Tíì Fọ́máàtì

Ní àsìkò iṣẹ́ àṣekágbá yìí, igbe tí mò ń gbọ́ jù lẹ́nu ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni pé fúláàṣì tí ẹ mú lọ síbi ìtẹ̀wé ti gbé iṣẹ́ yín mì. Ẹ má tíì fọ́máàtì rẹ̀.

Bí gbogbo fódà bá ti di shortcut, fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fi wọ́n pamọ́. Wọn ò tíì parẹ́. Ẹ má tẹ shortcut náà o! Microsoft Defender ti wà nínú Windows 10 àti 11 lọ́fẹ̀ẹ́; òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ èyí (ká ní F ni lẹ́tà fúláàṣì yín):

attrib -h -r -s /s /d F:\*.*

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ pa fáìlì náà rẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Windows kì í nu inú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó kàn ń sàmì sí i pé àyè ibẹ̀ ti ṣófo ni. Ohun tuntun tí ẹ bá kó síbẹ̀ ló ń bò ó mọ́lẹ̀. PhotoRec ni mo fara mọ́ jù: ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í kọ nǹkan sórí fúláàṣì tó ń yẹ̀ wò. Àmọ́ kì í sábà dá orúkọ fáìlì padà, ẹ óò máa ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kó ohun tó bá rí sí, kì í ṣe inú fúláàṣì kan náà.