Ẹ Gba Òtítọ́ Lẹ́nu Jagunjagun

Àwọn àgbà ni wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. N kò sì rí ìtàn àròsọ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ lára tó èyí tí Ernest Hemingway ará Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1925 nípa Harold Krebs, akọni tí ó jà ní Belleau Wood, ní Soissons àti ní Argonne ní ilẹ̀ Faransé, tí kò sì padà dé ìlú rẹ̀ ní Oklahoma títí di 1919, nígbà tí ìlù ti dákẹ́, tí àwọn tí ó tètè dé ti gba ẹ̀yẹ tán. Etí ará ìlú ti kún fún ìròyìn ogun oníyọ̀ oníata, ẹni tí ó fẹ́ sọ kìkì ohun tí ojú rẹ̀ rí kò sì rí olùgbọ́. Ni Krebs bá ń purọ́, ó ń gba ìrírí ẹlòmíràn mọ́ ara rẹ̀, títí iṣẹ́ akin tí ó ṣe ní tòótọ́ fi di ohun ìríra lójú òun fúnra rẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn, nítorí ará ilé ni wọ́n gba iyì tí ọ̀tá kò rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, kí a má ṣe bú u. Ṣùgbọ́n nídìí oúnjẹ àárọ̀ ni ó ti ń rán an létí pé Ọlọ́run ní iṣẹ́ fún olúkúlùkù, pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ríṣẹ́, ó sì fẹ́ gbéyàwó. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra; nígbà tí ọ̀tún ìyá yìí yóò fi dé, ọmọ ti wí pé òun kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Helen àbúrò rẹ̀ nìkan ni kò fi í wé ẹnikẹ́ni: ó ní kí ó wá wo òun níbi tí òun ti ń ju bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ náà ni Krebs sì pinnu láti lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọmọ yín bá ti ojú ogun dé, ìbáà ṣe láti Borno, ẹ má ṣe fi ìbéèrè iye ẹni tí ó pa pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó bá ní ọjọ́ púpọ̀ kọjá tí àwọn kò rí ọ̀tá, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ìwé ìtàn ogun tí òun gan-an jà ni Krebs fẹ́ràn láti máa kà, ó sì wù ú kí máàpù pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wá irú rẹ̀ fún ọmọ yín, ẹ jókòó tì í, kí ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí ó dúró sí. Ẹ sì bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ tí ẹnìkan ń retí: kí ó mú àbúrò lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí ó bá bàbá rẹ̀ kọ ebè díẹ̀, iṣẹ́ ńlá àti ìyàwó lè dúró de ọjọ́ tí òun tìkára rẹ̀ yóò dárúkọ wọn.