Ẹ̀yìn Ríro Tí Kì í Ṣe Ti Ẹrù

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ẹ̀yìn ríro. Gbogbo wa la máa ń sọ pé ẹrù ló fà á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ti ẹrù.

Ọ̀kan nínú wa tó ń ta èlùbọ́ fi oṣù mẹ́ta mu àgbo, ó ń gba abẹ́rẹ́ ní kẹ́mísìtì, wọ́n tún ń bá a fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́ la tó gbé e dé ọsibítù. Wọ́n ní kòkòrò ti wọ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé ó ti ń rìn, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń tilẹ̀.

Kí ló fà á? Ohun rírọ̀ kan wà láàárín eegun ẹ̀yìn wa, bí òṣùká tí a fi ń rẹrù. Mẹ́tàlélógún (23) ni wọ́n. Kòkòrò lè gba inú ẹ̀jẹ̀ débẹ̀ láti ara eéwo, egbò, àìsàn ojú ìtọ̀ tàbí abẹ́rẹ́ tí kò mọ́. Ti ikọ́ ife náà máa ń débẹ̀, kódà bí èèyàn ò wúkọ́. Ibẹ̀ á wú, á máa jẹ eegun, eegun lè wó di iké. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ṣọ́ra gan-an.

Báwo la ó ṣe mọ̀ ọ́n?
1. Ti ẹrù máa ń rọlẹ̀ bí a bá sinmi. Èyí kì í sinmi, òru gan-an ló ń le.
2. Ibà ń wá, ó ń lọ. Ara ń rù.
3. Ojú kan náà ló ń ro wá.
4. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú, tàbí tí ìtọ̀ ń dà fúnra rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ ọsibítù. Ẹ má ní ẹ fẹ́ ná ọjà tán.

Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á ya fọ́tò eegun. Fọ́tò àkọ́kọ́ lè má fi nǹkan hàn. Bí ìrora ò bá lọ, ẹ padà lọ. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú òṣùká yẹn, ìdí nìyẹn tí oògùn fi máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6. Ti ikọ́ ife lè gba oṣù 9 sí 12, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀ ní ọsibítù ìjọba. Ẹ má dá a dúró nítorí pé ara ti fúyẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn yín.

Ẹ bá wa ka èyí fún ẹni tí kò mọ̀wé ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín. Ẹ̀yìn wa á dára o. Àṣẹ.