Jẹ́sì, Tíkẹ́ẹ̀tì àti Ìbuwọ́lù: Báwo Lẹ Ṣe Lè Tọ́jú Ìtàn Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Tí A Ò Kà Sí?

Tí ẹ bá ní kí èèyàn dárúkọ ọmọ Nàìjíríà tó mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gbá, Hakeem Olajuwon lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Mélòó nínú wa ló rántí Olumide Oyedeji, ọmọ tí wọ́n bí n'Íbàdàn, tí ẹgbẹ́ Seattle SuperSonics ní Amẹ́ríkà mú lọ́dún 2000? Ní Ìlọrin níbí ńkọ́? Kwara Falcons ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje BAL ní Dakar lọ́dún 2023. Ta ló tọ́jú jẹ́sì ọdún yẹn?

Ohun ìrántí gbajúmọ̀ kì í sábà sọnù, torí olówó ń wá a rà. Ti ẹni tí a ò kà sí, ọwọ́ àwa olólùfẹ́ ló wà. Tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, ó parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń bà wọ́n jẹ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì: Ṣé ẹ ti rí rìsíìtì POS tó funfun báláú lẹ́yìn oṣù díẹ̀? Irú bébà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sí yíǹkì níbẹ̀ rárá. Kẹ́míkà kan ló wà lára bébà náà tó máa ń dúdú bí ooru bá kàn án. Torí náà, ẹ má gbé e fún ẹni tó ń ṣe lamination, gbogbo rẹ̀ lè dúdú. Ẹ má sì fi sínú ọ̀rá PVC, torí kẹ́míkà tó ń mú kí ọ̀rá yẹn rọ̀ máa ń pa lẹ́tà rẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á.

Ìbuwọ́lù: Ìtànṣán UV inú oòrùn máa ń fọ́ àwọn mólíkù tó fún yíǹkì láwọ̀. Òun náà ló ń mú kí aṣọ tó pẹ́ lórí okùn ṣá. Oòrùn Ìlọrin ò sì ṣeé fojú di, ẹ má gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Jẹ́sì: Òógùn àti ọ̀rá ara tó gbẹ mọ́ aṣọ ni oúnjẹ àwọn nǹkan tíntìntín tó ń mú kí aṣọ bu nígbà òjò. Kí ẹ tó gba ìbuwọ́lù sí i, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a síbòòji. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kan nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, torí ooru ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ooru náà ló sì lè ṣí i.

Ìwé ìròyìn: Igi ni wọ́n fi ṣe é. Lignin tó wà nínú igi máa ń pọ́n bí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Inú fáìlì, níbi tó ṣókùnkùn tó sì gbẹ, ló dára jù.

Ní ìparí, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù, ọjọ́ àti ẹgbẹ́ tí wọ́n bá gbá sórí ìwé kékeré, kí ẹ fi sí i. Jẹ́sì tí kò ní àlàyé, lọ́dún 30 sí i, aṣọ lásán ni.