Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́: Bí A Ṣe Ń Di Ẹ̀bùn Ìbejì

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 25:24-28, Mátíù 2:11

Ní ilẹ̀ Ìbàràpá wa yìí, kì í pẹ́ kí wọ́n tó tún pè wá sí ìsọmọlórúkọ ìbejì. Òkìkí ìbejì Igbó-Ọrà ti kàn dé òkè òkun, débi pé ní ọdún 2018 wọ́n ṣe àjọ̀dún ìbejì àgbáyé níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀bùn ìbejì ni a ó fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Ohun tí a bá ṣe fún Táyé ni a ń ṣe fún Kẹ́hìndé. Gbogbo wa mọ èyí, síbẹ̀ a máa ń rí àpótí ńlá kan àti kékeré kan lórí tábìlì. Ísáákì fẹ́ràn Ísọ̀, Rèbékà fẹ́ràn Jákọ́bù, ìbejì sì ni wọ́n. Ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn já sí: Jákọ́bù sá lọ sọ́dọ̀ Lábánì. Àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò dàgbà, wọn yóò sì wo fọ́tò ọjọ́ ìsọmọlórúkọ wọn. (Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé fún wa pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, kó ṣe é lọ́jọ́ mìíràn.)

Ẹ wá páálí méjì tó bára mu. Ẹ pín ọṣẹ, pọ́ńdà àti ìlédìí sínú wọn bákan náà. Pépà tí a ó fi dì í gbọ́dọ̀ yí páálí ká, kó sì ṣẹ́kù ínṣì 2 tí a ó fi lé ara wọn. Ní orí àti ìdí, kí ó yọ díẹ̀ ju ìdajì gíga páálí lọ: bí páálí bá ga ní ínṣì 4, ínṣì 3 ti tó. Èyí tó bá pọ̀ jù ló ń mú kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú. Ẹ kọ́kọ́ tẹ apá òsì àti apá ọ̀tún wọlé, kí ẹ ṣẹ́ ti òkè sílẹ̀, kí ti ìsàlẹ̀ gbẹ̀yìn, kí ẹ wá lẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tó mọ ẹ̀kọ pọ́n kò ní rí èyí bí iṣẹ́ àjèjì.

Òdòdó ríbọ́nì ló ń dá ọ̀pọ̀ wa lágara. Ẹ mú ríbọ́nì tó fẹ̀ ní ínṣì 1, ẹ yí i mọ́ ọwọ́ yín nígbà 10. Ẹ fà á yọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀, ẹ fi àlùmágàjí gé igun kékeré láti ẹ̀gbẹ́ kìíní, ẹ tún gé òmíràn láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ṣùgbọ́n kí igun méjèèjì má ṣe pàdé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ yóò já sí wẹ́wẹ́. Ẹ fi òwú so ibẹ̀ le dáadáa. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa fa etí rẹ̀ jáde láti inú, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, kí ẹ máa lọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi là bí òdòdó. Iye ìgbà tí ẹ bá yí ti Táyé ni kí ẹ yí ti Kẹ́hìndé. Kí ẹ má ṣe fi ìyókù ríbọ́nì ṣe ti èkejì.

Ní ti owó, ẹ má jẹ́ kí pépà jẹ owó ọṣẹ. Mátíù dárúkọ wúrà, tùràrí àti òjíá, kò sọ ohun tí wọ́n fi dì wọ́n fún wa. Àjákù ańkárá láti ọ̀dọ̀ aránṣọ dára ju pépà lọ, nítorí ìyá ìbejì lè fọ̀ ọ́, kó sì tún lò ó.

Bí ìbejì náà bá ní ẹ̀gbọ́n nílé, ẹ di nǹkan kékeré fún òun náà, ìbáà ṣe bisikíìtì nìkan. Òun ni ẹnikẹ́ni kì í rántí lọ́jọ́ náà.