Ọta, ẹ̀tù àti èèpo: ọ̀rọ̀ tó yẹ fún ọta ìbọn

Ọta ni Yorùbá ń pe ohun tó ń ti ẹnu ìbọn jáde lọ bá ẹran. Nígbà tí ìbọn ìléwọ́ dé, orúkọ yìí kan náà la fi ń pe odindi ohun tó ń wọ inú rẹ̀: èèpo idẹ, ẹ̀tù tó wà nínú èèpo, ohun kékeré ìdí rẹ̀ tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, àti òjé orí rẹ̀. Nínú ìròyìn, ìyẹn kò lábùkù. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn láàyè láti máa gbé èèpo tó ti yìn padà sílò nílé (Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 kò fàyè gba irú rẹ̀), ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ fi orúkọ kan bo ohun mẹ́rin. Kí odindi jẹ́ ọta ìbọn, kí èyí tó ń fò lọ jẹ́ orí ọta, kí idẹ tó ṣẹ́kù jẹ́ èèpo ọta.

Ohùn ló ń dá ẹ̀tù mọ̀. Ẹtu ni ẹran ìgbẹ́, ẹtù ni ẹyẹ tí aṣọ òkè kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ẹ̀tù sì ni ti ìbọn. Ọdẹ lè fi ẹ̀tù pa ẹtu. Síbẹ̀, ohùn nìkan kò tó. Ẹ̀tù dúdú ni ti ṣakabùlà, èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ kan tó ń ran iná lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀tù aláìléèéfín tí Paul Vieille ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1884 lágbára jù ú lọ dáadáa. Ẹni tó bá wọn èkejì bí ẹni wọn èkínní lè ba ìbọn àti ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, “ẹ̀tù” lásán kò tó nínú irú àlàyé yìí.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ló ṣe pàtàkì jù. Ọdẹ máa ń ki ìbọn ṣakabùlà: á da ẹ̀tù sí ẹnu rẹ̀, á fi àkísà dí i, á fi ọ̀pá tì í mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ó tó da ọta lé e. Títì mọ́lẹ̀ yìí wà nínú “ki”. Nínú èèpo ìbọn ìléwọ́, “da” ló tọ́, torí ẹ̀tù ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ọ̀pá tì. Bẹ́ẹ̀ ni “bu ẹ̀tù” kò dára, nítorí ẹni tó ń bu nǹkan lè fojú díwọ̀n. “Wọn ẹ̀tù” ni kí a sọ: òṣùwọ̀n ni, ìwé ẹni tó ṣe ẹ̀tù ló sì ń sọ iye tó yẹ. Ibi tó kéré jù nínú iye náà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèpo ìbọn ìléwọ́ ló gba ìlọ́po méjì ẹ̀tù láì kún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tan iná wo inú gbogbo wọn kí orí ọta tó wọlé.

Tí ìbọn kò bá dún, ó kọ̀ nìyẹn. Tó bá dún jẹ́ẹ́, a kò gbọdọ̀ pe ìyẹn ní kíkọ̀, nítorí orí ọta lè ti há sínú ihò ìbọn. Bí a bá yin òmíràn tẹ̀ lé e, ìbọn lè bẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Kí a yọ ọta tó kù kúrò nínú ìbọn náà, kí a sì wo inú ihò rẹ̀ kí a tó ṣe ohunkóhun.